Orúkọ Tó Wà Lára Káàdì

Orúkọ méjì ni Àjíbíkẹ́ ń jẹ́. Ní Lotto, ní Mowe tí ó ń gbé, Àjíbíkẹ́ ni. Ní ilé-iṣẹ́ oníke tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ibafo, Fúnmi ni. Àǹtí Fúnmi, akọ̀wé yúníọ̀nù. Ọdún mọ́kànlá nìyẹn.

Fúnmi gan-an, àbúrò rẹ̀ ni. Fúnmi ló gba iṣẹ́ náà. Ó ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ rẹ̀ ní àwọn ń kó lọ sí Ìlọrin. Ó bọ́ káàdì lọ́rùn, ó fi lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ajé, Àjíbíkẹ́ fi káàdì náà kọ́rùn, ó kọjú sí géètì. Ẹ̀ṣọ́ wo fọ́tò, ó wo ojú rẹ̀, ó ní, "Fúnmi, o ti sanra o." Ó wọlé. Ó di Fúnmi.

Wíwọ káàdì ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kò gbọdọ̀ pa iṣẹ́ jẹ ọjọ́ méjì. Agbaṣẹ́ṣe tó kó wọn wá á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Nítorí náà á wá ẹni tí yóò bá a wọ káàdì rẹ̀. Àbúrò. Aládùúgbò. Ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsálátù. Orúkọ ara káàdì ni wọ́n á sì máa pe ẹni náà títí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn á fi parí. Àwọn súpáfáísọ̀ mọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti ń yí, kò sí ẹni tí í bèèrè.

Ládi, ọkọ Àjíbíkẹ́, télọ̀ ni, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá pe fóònù láti ibi iṣẹ́, á nà án sí i. "Wọ́n ń bèèrè Fúnmi. Èmi ò mọ Fúnmi kankan o, Àjíbíkẹ́ ni mo fẹ́." Ìwé-ẹ̀rí méjì wà lára ògiri pálọ̀ wọn, tí Àjíbíkẹ́ gbà lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ orí fóònù. Fúnmi ni wọ́n kọ sára méjèèjì. Ládi ló kàn wọ́n mọ́ ibẹ̀. Ó ní bí ẹni tó ni wọ́n bá ti Ìlọrin dé, kó wá yọ wọ́n lọ.

Ọ́fíìsì ẹkùn ló fún un ní ìwé-ẹ̀rí yẹn. Bí wọ́n ṣe tò ó nìyí: yúníọ̀nù inú ilé-iṣẹ́ wà lábẹ́ yúníọ̀nù ńlá tó wà l'Ékòó, ti Èkó wà lábẹ́ Àpapọ̀, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé tí olú-ilé rẹ̀ wà ní ìlú òyìnbó. Àpapọ̀ sì ní ọ́fíìsì kan tó ń mójú tó gbogbo ẹkùn wa yìí, ní orílẹ̀-èdè mìíràn tí Àjíbíkẹ́ kò dé rí. Àtìlẹ́yìn fún ọmọ ẹgbẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ gbogbo ímeèlì.

Àtìlẹ́yìn. Àádọ́ta tíṣẹ́ẹ̀tì, tí èyí tó kéré jù níbẹ̀ gba ènìyàn méjì. Ìwé ìkìlọ̀ nípa ẹ̀rọ, tó ní àwòrán tó dára, tí gbogbo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́ Faransé. Ìpàdé orí fóònù ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ìgbà tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Àjíbíkẹ́ máa ń wọlé sí ìpàdé náà láti inú ilé ìgbẹ́ àwọn obìnrin.

Kò fi ìyẹn ṣe ẹ̀sùn. Ó ń fi pamọ́ de ọjọ́ tí yóò nílò wọn.

Ọjọ́ náà dé ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kejì. Ẹ̀rọ tó ń fọ́ àlòkù ike gé Ròkíátù lọ́wọ́.

Ọmọ Ifo ni Ròkíátù, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, ìfábẹ̀lá àti èyí tó tẹ̀ lé e. Wọn kò já bọ́, ṣùgbọ́n iṣan tó ń mú wọn ká ti já. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí rán ojú ọgbẹ́ pọ̀. Dókítà ilé ìwòsàn ńlá wò ó, ó ní àwọn gbọ́dọ̀ tún ọwọ́ náà là láti so iṣan yẹn padà, kí oṣù méjì tó pé. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ìka á gan. Kí wọ́n tó lè gbà á síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé kan pé ẹnu iṣẹ́ àwọn ló ti fara pa. Ojú ìwé kan péré. Ilé-iṣẹ́ kò fọwọ́ sí i. Wọn kò kọ̀, wọn kò gbà. Lẹ́tà mẹ́ta ni Àjíbíkẹ́ kọ sí wọn. Kò sí èsì.

Ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì ẹkùn. Ohun tí ó fẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí wọ́n kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà ní òkè òkun. Àwọn yẹn ń bẹ̀rù Àpapọ̀. Wọ́n ti jọ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, èsì dé láti ọwọ́ Olúfúnṣọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì náà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, olóhùn tútù. "Màmá, a ti rí i. A bá yín kẹ́dùn. Ẹ bá wa kọ fọ́ọ̀mù yìí." Ojú ìwé mẹ́rìnlá. Ìlà kìíní ni *Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú rẹ́jísítà.*

Àjíbíkẹ́ ṣí rẹ́jísítà. Ó kọ *Mọ́láyọ̀*.

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Káàdì Mọ́láyọ̀ ni Ròkíátù wọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí pé ọmọ Mọ́láyọ̀ ń ṣàìsàn. Mọ́láyọ̀ ni àwọn tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pè é. Mọ́láyọ̀ ni nọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀. Ròkíátù kò sí nínú rẹ́jísítà ẹgbẹ́, ọ́fíìsì ẹkùn kì í sì í ran ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́wọ́. Nínú ilé-iṣẹ́ yẹn, bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ ẹnìkan, orúkọ ara káàdì ni ó ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Mọ́láyọ̀ fúnra rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, Àjíbíkẹ́ sì ń kí i láàárọ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù, ó lọ wẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì. Òǹtẹ̀ yúníọ̀nù kò hàn dáadáa, kí wọ́n tún un tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹta. Fọ́tò. Kí àwọn òṣìṣẹ́ gbé ìwé sókè tí wọ́n kọ sí pé àwọn dúró ti arábìnrin àwọn, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tún ya ọwọ́ náà. Àjíbíkẹ́ lọ sí Ifo, ọkọ̀ mẹ́ta, láti lọ ya ọwọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, ọ̀gá Olúfúnṣọ́ wà ní ìsinmi. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, lẹ́tà lọ. Àjíbíkẹ́ rí ẹ̀dà rẹ̀ lórí fóònù, ó kà á fún Ládi láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èdè tó ń dẹ́rù bani. Òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù. Ládi dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ìwé rèé," ni ó wí. "Àwọn òyìnbó yìí á sá."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Olúfúnṣọ́ pe fóònù. Àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni. Àjíbíkẹ́ jáde sí ẹ̀yìn sítọ́ọ̀ láti gbọ́ ọ.

"Àǹtí Fúnmi, ẹ jọ̀ọ́, Mọ́láyọ̀ mélòó ló wà lọ́dọ̀ yín?"

"Ẹyọ kan."

"Ó dáa. Mo ń wo fọ́tò ẹ̀ báyìí. Ilé-iṣẹ́ ló fi ránṣẹ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo ka ìka ẹ̀, mo tún un kà."

Àjíbíkẹ́ tẹ fóònù mọ́ etí.

"Mẹ́wàá ni, Màmá, kò sí ọgbẹ́ lára ọ̀kankan. Ó tún ń rẹ́rìn-ín."

Ìgbà yẹn ni ó rántí. Dáníẹ́lì, súpáfáísọ̀ wọn, ló ya Mọ́láyọ̀ ní fọ́tò lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní ti pátákó ìsọfúnni ni. Ó ní kó juwọ́.

"Àwọn ti òkè òkun ní a parọ́ mọ́ wọn," ni Olúfúnṣọ́ ń wí. "Ọ̀gá mi ní kí n ti fáìlì yẹn pa."

"Ẹ má tì í. Ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ wà láyé. Ròkíátù ló ń jẹ́. Káàdì Mọ́láyọ̀ ló wọ̀ lọ́jọ́ náà."

"Ó wọ káàdì báwo?"

Ó ṣàlàyé. Bí ó ti ń ṣàlàyé ni ó ń gbọ́ ọ pẹ̀lú etí àlejò, ó sì rí i pé ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá kò ṣe é sọ létí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

"Ẹ ò wá lè sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Orúkọ inú rẹ́jísítà ni fọ́ọ̀mù yín bèèrè. Kò bèèrè ta ló fara pa."

Olúfúnṣọ́ mí kanlẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ wá. Ẹni tó fara pa, ẹni tó ni káàdì, ẹni tó mọ̀ sí i."

"Bí mo bá kọ ọ́, wọ́n á lé Mọ́láyọ̀."

"Bí ẹ ò bá kọ ọ́, Màmá, kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

Fóònù kú. Àjíbíkẹ́ dúró lẹ́yìn sítọ́ọ̀. Inú ń bí i, kò sì mọ ẹni tí yóò bínú sí. Olúfúnṣọ́ ni? Dáníẹ́lì tó ní kí wọ́n juwọ́? Ara rẹ̀? Ara rẹ̀ ló sún mọ́ ọn jù.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó lọ sí Ifo. Ọkọ̀ mẹ́ta. Irun dídì ni Fàsílátù, ìyá Ròkíátù, ń ṣe níwájú ilé, oníbàárà kan jókòó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni Ròkíátù náà kọ́ kí ó tó wá sí Ibafo. Ròkíátù jáde, ó kúnlẹ̀ kí Àjíbíkẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí itan bí ohun tí ẹlòmíràn gbé síbẹ̀.

"Ìyá Mowe," ni Fàsílátù wí, kò gbójú sókè kúrò lára irun, "ṣé ẹ tún wá ya fọ́tò ni?"

"Rárá o, mà."

"Torí bí fọ́tò bá ń woni sàn, ọwọ́ ọmọ mi ì bá ti máa lu ìlù."

Oníbàárà rẹ́rìn-ín. Àjíbíkẹ́ kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Ròkíátù ká ìka. Ó gbìyànjú. Àtàǹpàkò ká, ọmọńdinrín àti ìkejì rẹ̀ ká. Méjì tó kù nà gbọnrangandan.

"Wọ́n ti ń le, Àǹtí," ni Ròkíátù wí. "Mo máa ń rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná láàárọ̀. Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Ọjọ́ mẹ́tàlá."

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé Mọ́láyọ̀ torí mi. Ó ní ọmọ méjì."

Ohun tó dun Àjíbíkẹ́ jù lọ nìyẹn. Nínú ọkọ̀ padà sí Mowe, ó ń bá ara rẹ̀ jà. Nígbà tí ó dé Lotto, ó ti mọ ohun tí yóò ṣe. Kò dùn mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ Ajé, ní àsìkò oúnjẹ, ó kó àwọn obìnrin jọ sẹ́yìn sítọ́ọ̀. Ó mú ìwé kan jáde tí ó ti fa ìlà sí méjì: *orúkọ ara káàdì*, *orúkọ tí mo ń jẹ́*. Ó ní bí wọ́n bá kọ orúkọ Mọ́láyọ̀ nìkan, wọ́n á lé e. Bí gbogbo wọn bá kọ, ilé-iṣẹ́ kò ní rí ẹni tí yóò tan ẹ̀rọ lọ́la. Yóò sì hàn pé àwọn súpáfáísọ̀ mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ń jàǹfààní rẹ̀.

Mọ́láyọ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Àǹtí Fúnmi, ó rọrùn fún ẹ̀yin," ni obìnrin kan wí lẹ́yìn. "Akọ̀wé ni yín. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn yín."

Àjíbíkẹ́ tẹ́ ìwé náà lórí páálí. Ó kọ *Fúnmi* sí apá kan. Ó kọ *Àjíbíkẹ́* sí apá kejì. Ó yí i padà kí wọ́n rí i.

"Ta ni Àjíbíkẹ́?"

"Èmi ni."

Wọ́n wò ó. Lẹ́yìn náà, Salmah, obìnrin àgbàlagbà tó máa ń di ọjà sí páálí, dìde. "Ẹ mú bírò wá. Ẹ̀yin náà ẹ rò pé Salmah ni mí ni? Ọ̀ṣunníkẹ́ ni bàbá mi sọ mí. Salmah ni ìyàwó àbúrò ọkọ mi."

"Irọ́ ni, Màmá. Ẹ̀yin tí à ń kí ní àṣàlámù àlékùn."

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń dáhùn. Kí ni mi ò bá ṣe? Kí n ní kì í ṣe èmi?"

Ẹ̀rín bẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín báyẹn. Bírò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn kan kọ̀, wọ́n padà sẹ́nu ẹ̀rọ, Àjíbíkẹ́ kò sì dá wọn lẹ́bi. Ènìyàn méjìdínlógójì ló kọ. Mọ́láyọ̀ ló kọ gbẹ̀yìn. Orúkọ kan náà ló wà ní apá méjèèjì tirẹ̀. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Ròkíátù ló wọ káàdì òun lọ́jọ́ Ẹtì náà, pé òun ló bẹ̀ ẹ́.

Ìwé lọ sí ọ́fíìsì ẹkùn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Olúfúnṣọ́ pè lọ́jọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Màmá, ìwé yìí ni mo ti ń wá láti oṣù kejì."

"Ẹ ò bèèrè rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ má bínú. Kí ni kí n máa pè yín báyìí?"

"Ẹ pe èyí tó bá wù yín. Ẹ ṣáà kọ lẹ́tà."

Ó kọ ọ́. Kò béèrè òǹtẹ̀, kò béèrè fọ́tò. Ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ kà á, agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ kà á, wọ́n sì gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè àwọn tó ni ilé-iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́tàlá lọ. Àjíbíkẹ́ ń pè láràárọ̀ kí ó tó wọlé. A ń ṣe é, Màmá. Ó ti wà lórí tábìlì, Màmá. Ó mọ gbogbo ìgbésẹ̀ tábìlì yẹn bí ẹni pé inú yàrá rẹ̀ ló wà.

Ilé-iṣẹ́ fọwọ́ sí ìwé ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Ojú ìwé kan péré. Wọ́n kọ *Ròkíátù* sí i.

Wọ́n la ọwọ́ náà. Dókítà ní òun ti ṣe é bó ti yẹ, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ dé. Ìka tó tẹ̀ lé ìfábẹ̀lá ń ká báyìí. Ìfábẹ̀lá kò ká. Kò ní ká mọ́. Ròkíátù fi í han ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì mú ọwọ́ náà, ó gbé e sórí irun oníbàárà, ó ní, "Fa ìlà kan wò." Ó fà á. Ó wọ́. Ìyá rẹ̀ tú u, ó tún un fà.

Ilé-iṣẹ́ kò lé ẹnikẹ́ni lórí ìwé olórúkọ méjìdínlógójì yẹn. Lẹ́tà òkè òkun ní wọn kò gbọdọ̀ lé. Ó tún ní kí wọ́n gba Ròkíátù padà ní orúkọ ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá sí géètì, èyí tó ń ka ìtẹ̀ka. Wọ́n ní kí olúkúlùkù wá fi ìka sílẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀, kí wíwọ káàdì lè tán. Nígbà tí àwọn tó ni káàdì àti àwọn tó ń wọ̀ ọ́ jọ dé lọ́jọ́ kan náà, ènìyàn ju àyè lọ. Obìnrin mẹ́sàn-án ló padà sílé. Wọn kò lé wọn, gẹ́gẹ́ bí Dáníẹ́lì ti ṣàlàyé. Wọn kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀ṣunníkẹ́ wà lára wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Olúfúnṣọ́ pè, inú rẹ̀ ń dùn. "Màmá, ọ̀gá mi ní kí n kí yín. A fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yín sínú ìwé ìròyìn wa. Ẹ bá wa ya fọ́tò. Kí Ròkíátù gbé ọwọ́ sókè, kó rẹ́rìn-ín."

"Ọwọ́ wo?"

Àjíbíkẹ́ mú ìwé kan jáde nínú báàgì.

"Orúkọ mẹ́sàn-án wà lọ́wọ́ mi níbí," ni Àjíbíkẹ́ wí. "Kí ni ẹ fẹ́ ṣe fún wọn?"

"Ó dùn mí, Màmá. Àmọ́ wọn ò sí nínú rẹ́jísítà."

"Mo mọ̀. Ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́."

"Ìkọ̀ọ̀kan ni o. Mẹ́sàn-án."

"Ẹ fi mẹ́sàn-án ránṣẹ́."

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ròkíátù padà sẹ́nu iṣẹ́. Àjíbíkẹ́ bá a tò sórí ìlà géètì. Òjò winniwinni ń rọ̀. Ròkíátù gbé ìfábẹ̀lá ọ̀tún sórí ẹ̀rọ bí wọ́n ti kọ́ wọn. Iná pupa. Ó nu ìka mọ́ aṣọ, ó tún un gbé. Iná pupa. Ojú àpá ti jẹ ibi tí ẹ̀rọ fẹ́ kà. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n," ni ẹ̀ṣọ́ wí.

"Ẹ̀rọ inú lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n," ni Àjíbíkẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ òsì ṣe é."

"Ọ̀tún ni wọ́n ní."

"Ẹ jẹ́ kó fi òsì ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ò ní kúrò níbí."

Ẹ̀ṣọ́ wò ó, ó wo ìlà tó ti gùn dé ojú títì, ó tẹ orúkọ Ròkíátù sínú ẹ̀rọ kí ó lè gba ìka òsì sílẹ̀. Ròkíátù gbé àtàǹpàkò òsì lé e. Ó pẹ́. Iná aláwọ̀ ewé tàn, *Ròkíátù* hàn lójú ẹ̀rọ. Ó wọlé, kò wẹ̀yìn.

Ó kan Àjíbíkẹ́. Ó ti kọ ìwé lẹ́ẹ̀mejì sí àwọn ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kí wọ́n tún orúkọ òun ṣe. Wọ́n ní ti àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ó gbé ìka lé e.

"Fúnmi," ni ẹ̀ṣọ́ kà. "Kọjá."

Ó kọjá. Fọ́ọ̀mù mẹ́sàn-án wà nínú báàgì rẹ̀, ojú ìwé mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá, ó sì ti kọ ìlà kìíní sí gbogbo wọn, orúkọ tí olúkúlùkù ń jẹ́ gan-an.